Ọ̀nà Oko, Ọ̀nà Ọkọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Alámì wà nílé, ẹ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá bá bàtà rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lára, ó wà nílé. Bí ẹ kò bá bá a, ó ti wà lórí òkè pẹ̀lú agolo ọ̀dà funfun kan àti búrọ́ọ̀ṣì tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, tó máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú yàrá iwájú, á sọ fún yín láìgbójú sókè pé ọkọ òun ti lọ kí àwọn òkúta rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀: ẹrẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga, ẹrẹ̀ lára aṣọ oníbàárà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń sọ ọ́, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.

Kí ọkùnrin yìí tó di Alámì, akólẹ́tà ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká òsì, tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká náà fi wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ títí di òní olónìí. Inú àfonífojì ni ìlú wọn wà. Odò là á sí méjì, àwọn ilé sì tò gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì, débi pé ẹni tó bá fẹ́ bu iyọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn. Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ akólẹ́tà yìí kò mọ̀ nínú àwọn àtẹ̀gùn náà.

Iṣẹ́ lẹ́tà yìí ló kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì. Lọ́dún kan, lẹ́tà kan dé tí wọ́n kọ "Ile Alawo" sí lára, láìsí àmì kankan. Aláwọ, tó ń fi awọ ṣe bàtà, wà ní òpópónà yẹn. Aláwo, tó ń ta àwo àti ife, wà níbẹ̀ náà. Ó fi lẹ́tà sílé aláwo. Lẹ́tà ìfẹ́ ni, aláwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìyàwó aláwo ló sì kọ́kọ́ já a kà. Àwo tó fọ́ lọ́jọ́ náà kò ṣe é kà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni akólẹ́tà fi ń lọ tó ń bọ̀ kó tó lè là á yé obìnrin náà pé ọkọ rẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lè fi jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ tí òun gbọ́ tí ọkọ òun ń ka iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń wọnú aṣọ, òun mọ̀ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, òun fúnra òun ló sì gbé bàtà fún un pé kó jáde. Ó jáde. Ó gba ẹ̀bá odò lọ, ó rí i pé ọ̀nà àtijọ́ kan ṣì wà lábẹ́ koríko. Lọ́jọ́ kejì ó mú àdá dání. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ọ̀dà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló là jáde kí ọdún méjì tó pé. Èkíní ni ọ̀nà odò, àmì funfun kan lára òkúta. Ilẹ̀ títẹ́ ni láti ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ dé afárá olókùúta, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú fún ẹni tí kò kánjú. Arúgbó lè tẹ̀pá lọ níbẹ̀, ìyá ọmọ sì lè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ. Èkejì ni ọ̀nà oko, àmì méjì. Àárín oko ọ̀dùnkún àti oko àgbàdo ni ìyẹn ń gbà kọjá, ó ń yí, ó tún ń yí, kò kánjú dé ibì kankan. Ó dára láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ṣùgbọ́n kò dára rárá fún ẹni tó ń wá ilé lọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà òkè, àmì mẹ́ta, àyànfẹ́ Alámì. Wákàtí méjì ni èèyàn fi ń gùn ún. Igi pọ̀ nídìí rẹ̀, igi dínkù láàárín, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kéèyàn dé orí, kò sí nǹkan kan mọ́ àfi koríko kúkúrú àti afẹ́fẹ́. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà lókè pátápátá. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ lè na ọwọ́ síwájú kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀, ilé àna rẹ̀ pẹ̀lú ilé ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bi í pé kí ló gbàgbé sórí òkè. Òun náà á ní èémí òun lòun gbàgbé síbẹ̀ lánàá, òun fẹ́ lọ mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú fìlà, ọ̀pá àti ìgò omi, wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, wọ́n ń tẹ̀lé àmì funfun. Ìgbà yẹn ni ẹnu yẹ̀yẹ́ pa mọ́, oníbúrẹ́dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ní ìsàlẹ̀ òkè, oríta kan wà. Apá òsì rẹ̀ lọ sí oko, apá ọ̀tún lọ sí ibi tí àwọn àlejò ń gbé ọkọ̀ sí. Alámì kan pákó méjì mọ́ igi níbẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n: Ọ̀nà Oko, Ọ̀nà Ọkọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọ́fíìsì ìlú pinnu láti fi pátákó onírin rọ́pò àwọn pákó náà. Ó dùn mọ́ Alámì nínú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni akọ̀wé tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì náà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi wá iṣẹ́ kó tó rí èyí, wọ́n sì ní kó ṣe é fún oṣù mẹ́jọ ná kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Alámì kọ orúkọ gbogbo ọ̀nà sínú ìwé, ó fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Nígbà tí àwọn pátákó náà dé, tí wọ́n kun wọ́n ní àwọ̀ ewé tí lẹ́tà funfun sì hàn lára wọn gàdàgbà, ó lọ ń fọwọ́ pa wọ́n lára níkọ̀ọ̀kan. Ní oríta ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ti yọ pákó rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀, ó sì rò pé èkejì ń bọ̀ lọ́nà. Ó kó pákó rẹ̀ relé, ìyàwó rẹ̀ sì fi wọ́n ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Kò ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀kankan nínú àwọn pátákó tuntun náà. Ta ló ń ka àkọlé kó tó wọ yàrá ara rẹ̀?

Ní Sátidé kan tí òjò ṣú, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n dé oríta, wọ́n yà sósì. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi rìn nínú òjò láàárín oko. Nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ rọ́ nínú kòtò, kò lè dìde mọ́. Àgbẹ̀ kan tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tó ń sá òjò lọ sílé, ló bá wọn lábẹ́ igi, ló pọn obìnrin náà dé ojú títì.

Ní Mọ́ńdè, ẹni tó kó lẹ́tà fún gbogbo ìlú gba lẹ́tà tirẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì kọ ọ́ pé àwọn ti na okùn dí ọ̀nà òkè, nítorí ohun tó ṣe nọ́ọ̀sì náà, ó sì dájú pé àmì tó wà lára òkúta ti ń parẹ́. Ó ní kí Alámì wá sí ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu bóyá wọn yóò ti ọ̀nà náà pa títí ayé. Alámì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ti ọ̀nà òkè, wọn kò ní pẹ́ ti ti oko, wọ́n á sì ní kí òun gbé búrọ́ọ̀ṣì jù sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Kò mọ ohun tí òun tún máa fi ẹsẹ̀ òun ṣe láyé.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lórí ìrọ̀rí méjì, ọkọ rẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alámì ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò látilé. Ó ní òkúta òun ló ṣẹ̀ wọ́n. Obìnrin náà kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Òkúta yín ò ṣẹ̀ wá rárá. Àmì mẹ́ta yẹn funfun kedere, òun la tẹ̀lé débi tá a dé. Ọkọ mi yìí ni kẹ́ ẹ bi. A dé oríta, mo ní níbo là ń gbà, ó ní ṣé mi ò rí i tí wọ́n kọ ọ̀nà ọkọ̀ síbẹ̀ ni. Mo bá tẹ̀lé ọkọ mi pé à ń lọ síbi ọkọ̀. Inú oko la bá ara wa, olóko tó gbé ọkọ́ ló yọ wá."

Ọkọ rẹ̀ fi ìwé ìròyìn bojú. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, Alámì náà rẹ́rìn-ín. Lójijì ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kò sì yà sí ibì kankan títí tó fi dé oríta.

ONA OKO. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, lẹ́tà ńláńlá, wọ́n sì ya ọfà sí i tó kọjú sósì. Kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ẹni tó ń wá oko, oko ló máa rí kà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ọkọ̀, ọkọ̀ ló máa rí kà. Alámì wo apá ọ̀tún, kò rí pátákó kankan. Ìgbà náà ló wá rántí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ nídìí tíì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní ọ̀gá fi òun rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, pé òun tẹ orúkọ ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ pátákó, ọ̀gá sì fi báírò fa igi lé ọ̀kan. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Alámì tìkára rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Ẹ sọ fún ọmọ náà," ó ní.

"Bí mo bá sọ fún un, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló máa gbà lọ tààrà. O mọ irú ọmọ tó o bí."

"Èmi nìkan ni mo bí i?"

"Ó ku oṣù kan péré kí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó sílé yìí. O fẹ́ kó tún padà wá jókòó?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. "Ṣé ẹ fẹ́ wá máa bá mi ka abẹ́rẹ́ ni?"

Alámì dìde. Ó mú bàtà rẹ̀, ó lọ gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nù síta, ìyẹn sì dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, yàrá ìpàdé ní tábìlì gígùn kan, aago ògiri kan tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, àti fèrèsé kan tó kọjú sí òkè. Ọ̀gá jókòó sápá òkè tábìlì, òṣìṣẹ́ méjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Alámì wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ó ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ sínú ìwé. Kó tó wọlé, ó ti di bàbá rẹ̀ mú lójú àtẹ̀gùn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbèjà ara rẹ̀ dáadáa. Bàbá rẹ̀ ní òun ti gbọ́.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn máa ń kánjú ni. Ó béèrè lọ́wọ́ Alámì ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà.

"Àmì ni kò sí, ọ̀gá," Alámì dáhùn.

"Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà. Àmì ni kò sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá."

Kò parọ́. Ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ aláwo. Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì mi orí. Ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n, nítorí kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi báyìí rí. Ọ̀gá ní ó dára, kí Alámì sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà àti èyí tó yẹ kí wọ́n gbà, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Alámì yíjú sí fèrèsé. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà sọ ọ́.

"Ọ̀nà oko ni wọ́n gbà," ó ní. "Ọ̀nà ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbà."

Akọ̀wé kọ ọ́. Orí tábìlì ilé ìdáná ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé kíkọ nígbà tó wà ní kékeré, lẹ́yìn àpòòwé tí kò wúlò mọ́, kì í sì í jẹ́ kó dìde títí gbogbo àmì yóò fi pé. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì kò ní àmì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ní in. Ọwọ́ náà fi oko sílẹ̀ bó ṣe wà, ó dé ìdí ọkọ̀, ó fi àmì sábẹ́ lẹ́tà méjèèjì, ó fi ọ̀kan sórí. Báírò dúró. Ó wo ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú ìlà kan náà. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo òkè láti ojú fèrèsé, kò sì fẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin.

Ó dìde, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ fáìlì àwọn pátákó jáde. Ó to ìwé méjì sórí tábìlì, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kọ àti èyí tí òun tẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Àmì tí bàbá mi ń sọ kì í ṣe ti òkúta. Ti òkúta wà níbẹ̀. Tèmi ni ò sí. Mi ò tẹ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà méjì ni, èmi ni mo bọ́ àmì kúrò lára wọn. Bàbá mi mọ̀, wọ́n sì fẹ́ jìyà rẹ̀ nítorí mi."

Ọ̀gá fa ìwé méjèèjì súnmọ́ ara rẹ̀. Ó rí ONA OKO, ó tún rí ONA OKO nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rí igi pupa tó gba orí èyí tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, igi náà ṣì wà níbẹ̀.

"Báírò mi nìyí," ó ní wẹ́rẹ́. "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan." Ó yíjú sí Alámì. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Omi bọ́ lójú Alámì. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí omi náà jẹ́ ti ẹ̀.

Wọ́n tú okùn náà kí ọ́fíìsì tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní kí wọ́n ri pátákó kejì mọ́ apá ọ̀tún, kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àmì sára gbogbo pátákó kí àlejò tó dé. Kí n má sì dá yín dúró: lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ jáde lóṣù tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá ti fi báírò pupa sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, títí kan àwọn tí kò yẹ kó ní.

Ní Sátidé, bàbá àti ọmọ dé oríta kí oòrùn tó ga. Alámì di agolo mú, ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú pátákó kejì. Nígbà tó parí Ọ̀NÀ, ó fi àmì sábẹ́ O àkọ́kọ́ nínú OKO, ó fi sábẹ́ èkejì, ó na ọwọ́ sókè láti fi tòkè sí i, ó fà á láti òsì wá sí ọ̀tún, ó jẹ́ kó wálẹ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀ láti wò ó. Bàbá rẹ̀ ní ó ti tọ́.

Ọmọ náà kò tíì gun òkè yìí mọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Alámì ti ń rò pé yóò kó agolo àti búrọ́ọ̀ṣì máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ bi í pé ṣé wákàtí méjì náà ni, tàbí ó ti dínkù. Wọ́n gùn ún. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni ọmọ sinmi, bàbá ń dúró dè é láìsọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ fìlà. Lórí òkúta pẹrẹsẹ, ọmọ na ọwọ́ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ilé wọn, ó fi bo ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀yìn òkè, ibi tí odò kékeré kan ti ń kọ mànà láàárín igi, ó béèrè ọ̀nà tó dé ibẹ̀.

Alámì ní kò tíì sí. Ó ní ó ti tó ọdún márùn-ún tí òun ti ń wò ó, pé òun rò pé ọjọ́ ti lọ lórí òun.

"Bá a bá là á," ọmọ rẹ̀ ní, "ṣé àmì mẹ́rin ni?"

"Àmì mẹ́rin ni," bàbá rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tí aránṣọ gbé orí kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàtà ẹni méjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ti ọkọ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, ẹrẹ̀ sì bò wọ́n dé okùn. Ó la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Ó tún pa á dé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó mú ti ọmọ rẹ̀ lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.